Ẹni Tó Borí Ló Ń Sin Ẹni Tó Pàdánù

Ẹ jókòó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ kó máa wò ó lọ, mi ò ní bínú. Etí yín ni mo wá bẹ̀. Lánàá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò yín níwájú tẹlifíṣọ̀n, kálukú pẹ̀lú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó tirẹ̀. Nígbà tí eré parí, ẹni tí tirẹ̀ borí ń yọ ṣùtì, ẹni tí tirẹ̀ pàdánù bọ́ síta, kò jẹ oúnjẹ alẹ́. Kò sì sẹ́ni tó tẹ̀lé e. Mo padà sórí àga mi, oorun kò kùn mí mọ́. Ohun kan wà láyé tiwa tí kò sí mọ́. Mi ò sọ ọ́ nítorí kí ẹ lè mú un padà. Kò lè padà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó wà rí ni.

Iṣẹ́ rélùwéè ni mo kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí ìró rélùwéè sì ti ń dín kù lójoojúmọ́, mo bọ́ sí iṣẹ́ ìjọba, mo ń jókòó ti fáìlì. Àmọ́ kò sí iṣẹ́ tí mo ṣe tí bọ́ọ̀lù kì í dúró dè mí nírọ̀lẹ́. Bí agogo ìjáde bá ti dún, ẹ ó gbọ́ ìró bàtà lórí òkúta wẹ́wẹ́, pákà pákà pákà. Kì í ṣe ilé là ń lọ, pápá ni. Akọ̀wé, awakọ̀, tísà, bíríkìlà, ẹni tó ń ta síméntì, gbogbo wa la jọ ń lé nǹkan kan náà. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Bàtà bọ́ọ̀lù kò kárí. Ẹni tó ń gbá ẹsẹ̀ òsì á wọ ti òsì, ẹni tó ń gbá ọ̀tún á wọ ti ọ̀tún, ẹsẹ̀ kejì á wà lásán. Bọ́ọ̀lù aláwọ ni nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi okùn dì í lẹ́nu bíi bàtà. Bí òjò bá pa á, ó wúwo bí ọmọ tó ń sùn. Ẹni tó bá fi orí kàn án, ojú rẹ̀ á ṣú fúngbà díẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá jò, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ là ń gbé e lọ, òun náà á sì bá wa gbá a kó tó dá a padà.

Nínú bọ́ọ̀lù yẹn ni mo ti mọ Àjàyí. Ọmọ Iléṣà ni, káfíńtà, ẹgbẹ́ mi ní ọjọ́ orí, ọkùnrin gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìlagi. Òun ni balógun àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwọn, èmi ni balógun tiwa. Ní ọjọ́ ìsinmi, á wọ ẹ̀wù funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á kọ orin tí ilẹ̀ á fi máa mì. Bó bá sì kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rédíò lẹ ó ti bá a. Òun ló là wá lóye nípa Òlíńpíìkì, eré ìdárayá gbogbo ayé tí wọ́n ń ṣe lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, tí eré sísá wà níbẹ̀, tí ìjàkadì wà níbẹ̀, tí bọ́ọ̀lù náà sì wà níbẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù tibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ife àgbáyé. Láyé ìgbà náà, ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun kò gbọdọ̀ gbá a níbẹ̀. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó kàn ń gbá a nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, ni wọ́n ń fẹ́. Àjàyí á lu àyà, á ní, "Àwa gan-an ni wọ́n ń báwí yẹn."

Ẹ ó gbọ́ ọ kó máa ròyìn Mẹ́síkò, bí àwọn ọmọ wa ṣe gbá ọ̀mì mẹ́ta sí mẹ́ta pẹ̀lú Bìràsílì, ẹ ó rò pé ẹ̀yìn àwọ̀n ló dúró sí lọ́jọ́ náà. Ti Kánádà ló fẹ́ràn jù. Wọ́n dé ọ̀hún, bọ́ọ̀lù kò tíì yí, ìjọba ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ènìyàn dúdú ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n dì, wọ́n bọ̀. Àwa ń kẹ́dùn, Àjàyí ní kí la ń sunkún sí. Ó ní ẹni tó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó sì padà láìfẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù nítorí omijé ẹlòmíràn, ta ló tún fẹ́ kó borí? Lẹ́yìn náà a lọ Mọ́sìkò, a lọ Kòríà, a pàdánù, a padà wálé. Láàárín ìgbà náà, wọ́n gba àwọn tó ń gbowó oṣù bọ́ọ̀lù wọlé. Ó tún pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ti lé ní ọdún mẹ́tàlélógún kò gbọdọ̀ gbá a mọ́. Ọjọ́ tí ìròyìn ti àwọn olówó oṣù yẹn jáde, ìyàwó Àjàyí sọ fún mi pé ọkọ òun kò jẹ iyán. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò jẹ iyán, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ òkú.

Ó ní bí ayé bá ba tirẹ̀ jẹ́, kí a má ba tiwa jẹ́. Nítorí àwa náà ní tiwa. Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé ìwé bá ti wọ ìsinmi, àwa òṣìṣẹ́ Òṣogbo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Iléṣà máa ń pàdé fún eré ọjọ́ kan, ọ̀dọ̀ wa lọ́dún yìí, ọ̀dọ̀ wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Àárọ̀ la ó sáré. Lẹ́yìn náà la ó jìjàkadì, la ó fa okùn, àwọn tí eékún ti ń dùn á ta ayò lábẹ́ igi ọ̀dán. Bọ́ọ̀lù ló ń kẹ́yìn. Bí aago àsárì bá tó, kò sí ohun tó kan rẹfirí mọ́. Àwa tí a jẹ́ Mùsùlùmí á lọ ṣàlùwàlá, àwọn Ìjẹ̀ṣà á jókòó sórí koríko, wọn á máa fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì dè wá. Ìyẹn ni ìsinmi ìlàjì eré. Apá kìíní lè gùn ju apá kejì lọ, kò sẹ́ni tó ń bèèrè. Lọ́dún kan, bọ́ọ̀lù bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn tó ń dáná fún wa, a yọ ọ́, a nù ún, a ń gbá a lọ. Gbogbo ẹni tó bá fi orí kàn án ń lá ètè.

A ń bú ara wa o. Àwọn á ní kí àwa ará ìlú aró lọ fọ ọwọ́ kí a tó di bọ́ọ̀lù mú. Àwa á ní kí wọ́n yáa tu obì ẹnu wọn kí wọ́n lè rí èémí sáré. Ṣùgbọ́n bí a bá lé ni, bí a ò bá bá ni, ìwọ̀n là ń báni ṣọ̀tá mọ. Àṣà kan wà tí mi ò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀, a bá a níbẹ̀ ni: ẹni tó borí ló ń sin ẹni tó pàdánù. Wọ́n ní ẹni tó pàdánù kì í dá rìn, kí ó má baà bá ọkàn ara rẹ̀ jà lójú ọ̀nà. Bí onílé bá borí, ó rọrùn, á sin àlejò rẹ̀ dé ibi tó ti máa wọ mọ́tò. Bí àlejò bá borí ńkọ́? Balógun àwọn onílé tó pàdánù á wọ mọ́tò àlejò, á jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, wọn á jọ lọ títí dé ìpẹ̀kun ìlú. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti máa bọ́ sílẹ̀, àwọn tó borí á fẹsẹ̀ sìn ín padà díẹ̀, wọn á dì mọ́ ọn, kí wọ́n tó máa lọ. Ará ìlú á ti pé síbẹ̀ wọn á máa pàtẹ́wọ́. Ẹ̀mejì ni mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi sin Àjàyí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mejì lòun náà ti sin mí. Ẹni tó ń sunkún á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó délé.

Ọdún tí wọ́n ṣe Òlíńpíìkì ní ìlú Atìláńtà ní Amẹ́ríkà ni gbogbo rẹ̀ dà rú. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ayọ̀ wa ló dà á rú. Àwọn ọmọ wa pàdé Bìràsílì, wọ́n ti jẹ wá ní mẹ́ta sí ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti lọ sùn. Ariwo àdúgbò ló jí wọn pé a ti fi mẹ́rin dá mẹ́ta lóhùn. Lẹ́yìn náà ló kan Ajẹntínà, lọ́jọ́ Sátidé. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, méjì sí méjì, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, àwọn adẹ́yìnmú wọn sáré jáde, wọ́n nawọ́ sókè pé ọfúsáìdì ni. Rẹfirí kò fọn fèrè. Ọmọ wa kan ló dá dúró síbẹ̀, ó gbá a wọlé. Wúrà. Kò sí ìlú kankan ní Áfíríkà tó tíì gba wúrà bọ́ọ̀lù ibẹ̀ rí. Ní Òṣogbo, àwọn ènìyàn ń lu ìdérí ìkòkò mọ́ra wọn. Èmi náà jó, n ò ní purọ́.

Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń jẹ́ Rájí, akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì wa, ọmọ aláró. Ìyá rẹ̀ ń pa aṣọ láró lẹ́yìn ilé wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ ju ti gbogbo wa lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan láti Ìbàdàn ti wò ó, ó ti ní kó wá dán ara rẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn nínú oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé wúrà yẹn, ó bá mi lẹ́nu iṣẹ́, ó ní, "Bàbá, èyí tí wọ́n máa ṣe ní Ọsirélíà, ẹ ó gbọ́ orúkọ mi lórí rédíò." Ọjọ́ orí rẹ̀ gbà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà gbà á. Mo ní, "Àṣẹ."

Sátidé tó tẹ̀lé e ni eré tiwa, Iléṣà ló kàn. A gba ọ̀nà Ìbòkun àti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ nínú bọ́ọ̀sì tí a háyà. Mo ti kíyè sí i láàárọ̀ pé àwọn ọmọ wa kò dá sí ìjàkadì, wọn ò dá sí okùn fífà. Bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Kọ́lá, ẹni tó ń ta síméntì, ti fi ọ̀dà ewéko àti funfun kun ojú. A padà láti ibi àsárì, òdo sí òdo ni. Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, bọ́ọ̀lù jáde láti ẹ̀gbẹ́, àfi bí ẹni pé Ọlọ́run fẹ́ fi wá ṣẹ̀fẹ̀: àwọn adẹ́yìnmú Iléṣà sáré jáde, gbogbo wọn nawọ́ sókè. Wọn ò nawọ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Rẹfirí ò fọn fèrè. Rájí gbá a wọlé.

Nígbà tí eré parí, àwọn ọmọ wa kò bọ àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ta àsíá, wọ́n ń sáré yí pápá ká bí wọ́n ṣe rí i nínú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n kó sínú bọ́ọ̀sì, àwọn kan gun orí rẹ̀, wọ́n ń kọrin èébú. Àjàyí ti wẹ ojú, ó ti wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ó ń retí kí wọ́n ní kó wọlé. Kọ́lá ló jókòó síwájú. Mo ní kó dìde fún bàbá. Kò wò mí, Àjàyí ló wò.

"Ẹ má bínú, sà, kò sáàyè. Àbí àwọn ará Ajẹntínà ló sin tiwa délé ni?"

Ẹ̀rín bú jáde nínú bọ́ọ̀sì. Rájí nìkan ló dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó ní kí Bọ̀dá Àjàyí wá jókòó sí tòun. Kọ́lá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Ìwọ tó gbá a wọlé ni wàá dìde? Jókòó jàre." Ó tì í padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Àjàyí ní, "Ó dáa. Ẹ máa lọ. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín dé ilé."

Mo bọ́ sílẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń sọ fún un pé ọmọdé ń ṣe wọ́n ni. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ tí bọ́ọ̀sì ṣí. Mo fi ọwọ́ gbá ara bọ́ọ̀sì kí ó dúró, wọ́n rò pé orin ni mò ń bá wọn lù. Ó lọ. Àwa méjèèjì wá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Àjàyí, kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìjókòó rárá. Ọwọ́ tí wọ́n nà sókè yẹn ló ń dùn ún. Ó ní òun ti kọ́ wọn tipẹ́ pé bí fèrè kò bá dún, kí ẹnikẹ́ni má dúró.

A kò tíì délé tí ọlọ́kadà kan fi sáré bá wa, ó ní wọ́n ti sọ òkò lu mọ́tò àwọn ará Òṣogbo.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Iléṣà ti pé sí ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí títì ti yà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Wọn kò lọ jà. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n lọ pa, bí a ti í ṣe. Wọ́n rí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀, wọn kò rí Àjàyí níwájú. Ojú tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni wọ́n rí níbẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ èébú láti orí bọ́ọ̀sì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n ń bèèrè, "Bọ̀dá Àjàyí dà? Kí lẹ fi ṣe?" Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n tún gbé ohùn orin sókè ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, wọn kò rí i kí mọ́tò ẹni tó borí jáde láìsí ẹni tó pàdánù nínú rẹ̀. Wọ́n rò pé a ti ṣe é léṣe. Wọ́n máa ń sọ pé òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ti ọjọ́ yẹn pa á. Ó wọlé láti fèrèsé, ojú òsì Rájí ló bà.

A bá a ní ọsibítù. Aṣọ tí wọ́n fi dì í lójú ti rin. Àjàyí kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, káfíńtà tó ga tó yẹn, orí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ọmọ tó dùbúlẹ̀ dọ́gba. Rájí ní kó dìde, ó ní ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Dókítà ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Ojú náà kò yè.

Ní Òṣogbo, wọ́n ní mo mọ̀ nípa rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí a jọ ń jókòó nínú ọ́fíìsì kan náà ń kí mi bí ẹni tó ń kí àjòjì. Ní Iléṣà, wọ́n ní Àjàyí ló fi ìwà tútù fa ìtìjú bá ìlú. Ó ń lọ láti agbo ilé kan dé èkejì kó lè mọ ẹni tó ju òkò, gbogbo wọn ní àwọn kò rí i. Nígbà tó yá, kò bèèrè mọ́. Mo ní ṣé kò fura sí ẹnì kan ni. Ó ní, "Bí mo bá mọ̀ ọ́n tán, kí ni n ó fi ojú Rájí ṣe?"

Àjàyí ló dá a lábàá pé kí a tún eré náà ṣe ní Iléṣà lọ́dún tó tẹ̀lé e, kí ìlú lè bẹ̀ wá ní gbangba, kí a lè sin ara wa bó ṣe yẹ. Ó ní bí a bá jẹ́ kí ọdún kan kọjá, ó tán nìyẹn. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo ń lọ láti ilé dé ilé. Kọ́lá ní ọjà síméntì òun kò jẹ́ kí òun ráyè. Àwọn yòókù ní eré tí kò sí owó níbẹ̀, kí ni wọ́n ń gbá a fún? Mo kẹ́yìn sí ilé Rájí. Ó jókòó láàárín àwọn ìkòkò aró, ó kọjú sí ògiri. Ó ti pẹ́ tí oṣù kẹsàn-án ti Ìbàdàn ti kọjá lórí rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé kò ní gbá bọ́ọ̀lù, kó kàn bá mi lọ kí wọ́n lè bẹ̀ ẹ́ ni. Ìyá náà fọ ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú dé ìgúnpá, ó fara balẹ̀ nù ún.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan tó kù yẹn kù fún un."

Èmi nìkan ni mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ náà. Àjàyí ti fi eérú fa ìlà sí pápá, ó ti ṣe òpó àwọ̀n tuntun pẹ̀lú igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Àwọn àgbà bíi mélòó kan wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kò yọjú. Àwọn àgbà náà ń dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ pé oòrùn ti mú. Mo lọ kírun àsárì, mo padà, mo bá a lórí koríko níbi tí mo fi í sí. Kò kọrin. Nígbà tí òjìji òpó bọ̀ wá bá ẹsẹ̀ wa, ó dìde, ó mú ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú wọn. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ń hú wọn lọ. Mo bá a hú wọn, a jọ gbé wọn lọ sílé rẹ̀, ó là wọ́n sí wẹ́wẹ́, ó kó wọn sídìí iná ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní igi náà kò tíì gbẹ, kò ní jó. Ó ní kó máa fẹ́ ẹ. Àjàyí fẹ́ ẹ títí, èéfín nìkan ló ń rú, iṣu iyán ọjọ́ náà kò jiná. A jókòó síbẹ̀, ojú wa ń ṣomi, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì pé kí a bọ́ síta.